Ìlú Sólò Tí Màmá Kò Dé

Ẹni tó bá fẹ́ ra aṣọ lọ́wọ́ Màmá, ìyá ìyá mi, ní ọjà Kaneshie ní Accra, ní láti kọ́kọ́ gbọ́ nípa odò kan. Màmá á fa aṣọ yọ láàárín àwọn tó tò jọ, á tẹ́ ẹ sórí tábìlì, á fi àtẹ́lẹwọ́ nà án, á wá bẹ̀rẹ̀. Pé Bẹngawan Sólò ni wọ́n ń pe odò náà. Pé kò sí odò tó gùn tó o ní gbogbo erékùṣù Jáfà. Pé omi rẹ̀ pọ́n, kì í yára ṣàn, àmọ́ tí òjò bá pọ̀, ó máa ń wọ yàrá bá àwọn tó kọ́lé sí etí rẹ̀. Oníbàárà tó ń kánjú á máa wo aago. Mo rántí ọmọbìnrin kan tó wá ra aṣọ ìgbéyàwó, tó fi èdè Twi sọ fún un pé, "Màámè, aṣọ ni mo wá rà, mi ò wá sílé ìwé." Màmá kò bínú. Ó ká aṣọ náà, ó fi í sínú ọ̀rá, ó ní, "Ibẹ̀ ni ọmọ mi wà."

Ọmọ tó ń wí yẹn ni ìyá mi. Abẹ́ ilẹ̀ ló wà ní Sólò nígbà yẹn, ó sì ti pẹ́ díẹ̀ tó ti wà níbẹ̀.

Màmá náà ti lọ báyìí. Àwọn ará mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa, Kotobabi, ní kí n kọ nǹkan nípa rẹ̀, kí n kọ ibi tí wọ́n ti bí i, iye ọmọ tó bí, irú aṣọ tó ń tà. Ẹ bi àwọn ẹlòmíràn ní ìyẹn. Ohun tí èmi mọ̀ nípa ìyá yìí ni pé láti ọjọ́ tí ọmọ rẹ̀ ti kú títí tí òun náà fi kú, nǹkan kan ṣoṣo ló ń wá: kó dé ibi sàréè ọmọ náà, kó dúró síbẹ̀, kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbá a. Kò dé ibẹ̀. Inú ń bí mi sí i títí di òní, n kò sì ní díbọ́n pé kò bí mi.

Rùkáyà ni orúkọ ìyá mi. Bátíkì ló ń ṣe ní àgbàlá ilé wa: á fi ìda gbígbóná ya àwòrán sára aṣọ funfun, á rì í sínú aró, á sì fi omi gbígbóná se ìda náà kúrò. Bàbá mi ti bá tirẹ̀ lọ sí Kùmásì tipẹ́, ó ti fẹ́ ìyàwó mìíràn síbẹ̀. Nígbà tí ìyá mi gbọ́ pé wọ́n ń gba àlejò láti wá kọ́ bátíkì ní Sólò, ìlú tí iṣẹ́ náà ti gbilẹ̀ láti ayébáyé, ó kọ̀wé, wọ́n sì mú un. Màmá ti ń ta aṣọ tí a ń pè ní Jáfà ní Accra láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀, kò sì mọ̀ pé Jáfà jẹ́ ibi tí èèyàn ń gbé. Ó rò pé orúkọ òyìnbó tó ń ṣe aṣọ náà ni. Ọjọ́ tí ìyá mi fi àwòrán ilẹ̀ hàn án, ó wò ó títí, ó ní, "Gbogbo ọdún tí mo fi ń ta orúkọ ìlú àwọn èèyàn yìí, n ò kí wọn rí."

Láwéyàn ni ìyá mi dé sí, àdúgbò àwọn onísòwò bátíkì, nílé obìnrin àgbà kan tí wọ́n ń pè ní Bú Hàrtí. Bú ni wọ́n ń pe ìyá níbẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, ìyá mi á pè wá lórí fóònù. Ó sọ fún Màmá pé ògiri àwọn ilé Láwéyàn ga ju orí èèyàn lọ, pé ọ̀nà àárín wọn tóóró, pé obìnrin ló ń darí òwò aṣọ níbẹ̀ láti ìgbà àwọn baba ńlá wọn, àwọn ọkọ kàn ń jẹun ni. Màmá rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó. Ó ní, "Ilé ló lọ nígbà náà."

Ọdún tí Ghana gba àlejò ìdíje bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Áfíríkà ni ìpè kan dé tí kì í ṣe ọjọ́ Àìkú. Ghana ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ náà, gbogbo Kotobabi wà nídìí tẹlifíṣọ̀n. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, Bọ̀ọ̀dá Ráfíù, ló gbé fóònù, ó sì ń pariwo pé òun ò gbọ́, torí pé bọ́ọ̀lù ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ àwọ̀n ni, àdúgbò sì ń hó. Yáńtò, ọmọ àbúrò Bú Hàrtí, ló ń sọ̀rọ̀. Òun nìkan ló gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nínú ilé náà. Ibà ẹ̀fọn kan tó ń mú ẹ̀jẹ̀ jáde lára ló mú ìyá mi, kò sì fi í sílẹ̀. Wọ́n ti sin ín láàárọ̀, bí Mùsùlùmí ṣe ń ṣe, nígbà tí àwa tí a wà ní Accra ṣì ń sùn. Níta, wọ́n ń lu ìkòkò, wọ́n ń fọn fèrè. Màmá gba fóònù náà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó fi Yorùbá bi ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá pé, "Ta ló wẹ̀ ẹ́?"

Bú Hàrtí ló wẹ̀ ẹ́, òun àti àwọn obìnrin àdúgbò rẹ̀. Wọ́n fi aṣọ funfun dì í, nígbà tí wọ́n sì ń gbé e lọ, wọ́n fi bátíkì kan bò ó lórí, irú èyí tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún òkú, tí wọ́n ní ó ń jẹ́ kí ọ̀nà gba ẹni tó ń lọ láyè. Lẹ́yìn náà ni obìnrin yìí fi aṣọ tí ìyá mi ń ṣe lọ́wọ́ ránṣẹ́ sí wa. Ìda ṣì wà lára rẹ̀, aró kan ṣoṣo ló tíì gbà. Èèyàn ní kí Màmá se ìda náà kúrò, kó lè rí àwòrán rẹ̀ dáadáa. Ó kọ̀. Ó gbé e sí ìsàlẹ̀ àpótí níbi tí ooru kò ti lè yọ́ ọ, ó sì máa ń ṣí àpótí náà nígbà mìíràn láti gbóòórùn rẹ̀. Nígbà tí mo bi í léèrè, ó ní, "Kò ì tíì parí ẹ̀. Ta ni mo jẹ́ tí màá bá a parí ẹ̀?"

Kí ẹ tó sọ pé ọ̀fọ̀ ló yí i lórí, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí. Accra ni wọ́n bí Màmá sí. Ìnísà ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n òun ò mọ Ìnísà. Nígbà tó ṣì jẹ́ ìyàwó tuntun, ìjọba ìgbà yẹn pàṣẹ pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé kúrò ní Ghana, àwọn Yorùbá sì di ẹrù wọn bí ẹni tí iná ń lé. Màmá fi sàréè ìyá rẹ̀ sílẹ̀ ní Accra, ó lọ ń gbé láàárín àwọn tó ń pè é ní ará Ghana. Nígbà tó padà dé lẹ́yìn ọdún púpọ̀, àwọn mẹkáníìkì ló bá lórí ilẹ̀ náà. Ó máa ń sọ ọ́ láìgbé ohùn sókè: ọ́ìlì dúdú lórí ilẹ̀, irin, àwọn ọmọkùnrin tó ń jẹ kẹ́ńkè. Ó bi wọ́n bóyá wọ́n rí òkúta kan níbẹ̀. Wọn ò rí òkúta kankan. Tó bá ti débẹ̀, á wá ní, "Ẹ̀ẹ̀kan nìyẹn. N ò ní jẹ́ kó ṣe mí lẹ́ẹ̀kejì."

Ìdí nìyẹn tó fi fẹ́ràn ìtàn bí ìlú Sólò ṣe bẹ̀rẹ̀. Yáńtò ló sọ ọ́ fún wa lórí fóònù, díẹ̀díẹ̀, Bọ̀ọ̀dá Ráfíù sì ń sọ ọ́ di Yorùbá. Ọba wọn kì í gbé Sólò látilẹ̀wá. Kàrtàsúrà ni ààfin rẹ̀ wà. Ọ̀tẹ̀ dé, àwọn ọlọ̀tẹ̀ wọ ààfin, ọba sá. Nígbà tó padà, ó ní ibi tí wọ́n ti bà jẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ṣeé gbé mọ́, ó sì kó ilé rẹ̀ lọ sí abúlé kan tó ń jẹ́ Sálà, létí odò. Ilẹ̀ àbàtà ni, wọ́n ní láti dí i kí wọ́n tó lè kọ́lé sórí rẹ̀. Àwọn èèyàn tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ lójú ọ̀nà, wọ́n gbé ìtẹ́ ọba, wọ́n gbé agogo ńláńlá, kódà wọ́n hú igi ní ààfin àtijọ́, wọ́n lọ gbìn ín sí tuntun. Abúlé yẹn ló di Sólò, tí wọ́n ń pè ní Surakarta nínú ìwé. Nígbà tó yá, àwọn mọ̀lẹ́bí ọba tún bá ara wọn jà, àwọn òyìnbó Họ́lándì bá wọn pín ilẹ̀ náà, títí di òní ààfin méjì ló wà nínú ìlú kan ṣoṣo. Màmá ò bìkítà fún ìjà yẹn. Ọ̀rọ̀ igi ló gbà á lọ́kàn. Á sọ ọ́ fún àwọn tí ìsọ̀ wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, bí wọ́n fẹ́ bí wọ́n kọ̀: "Ọba gan-an di ẹrù sá. Ṣùgbọ́n ó rántí hú igi."

Lọ́jọ́ tí ọjà bá dá, ó máa ń fi ìdì aṣọ tẹ́ ìlú náà sílẹ̀ fún mi nínú ìsọ̀. Ìdì ńlá méjì ní ìwọ̀-oòrùn, òkè méjì nìyẹn, ọ̀kan nínú wọn ń rú èéfín. Ìdì ńlá kan ní ìlà-oòrùn, òkè Láwù. Àárín wọn ló wá tẹ́jú. Aṣọ aláró gígùn ni odò. Léèsì ni ààfin. Téèpù tó fi ń wọn aṣọ ni ọ̀nà ńlá tó la ìlú já, níbi tí reluwé ti ń rìn láàárín ọkọ̀ àti alùpùpù bí ẹni pé ó ń lọ sọ́jà. Òkìtì Jáfà ni Láwéyàn. Lẹ́yìn Láwéyàn, á bọ́ ìborùn funfun rẹ̀, á ká a kéékèèké, á gbé e sílẹ̀. Ìyẹn ni ibi tí ìyá mi wà. Iṣẹ́ tèmi ni kí n fi ìka rìn láti pápákọ̀ òfurufú dé ibi ìborùn, kí n máa dárúkọ ibi tí mo bá ń kọjá. Mo fẹ́ lọ gbá bọ́ọ̀lù, mo máa ń sáré. Màmá á di ìka mi mú lórí téèpù. "Dúró, ọkọ mi. Jẹ́ kí reluwé kọjá."

Ọdún kan wà tí òkè oníná kan bú gbàmù ní apá ibòmíràn ní Jáfà, tí eérú rẹ̀ fò wá bo gbogbo Sólò. A rí i nínú ìròyìn, òrùlé funfun, igi funfun. Màmá ò jẹun títí Yáńtò fi gbé fóònù. Kò béèrè nípa ilé, kò béèrè nípa ọjà. Ó ní kí wọ́n bi Bú Hàrtí bóyá eérú náà dé itẹ́ òkú. Ó dé ibẹ̀. Bú Hàrtí sì ti lọ gbá a kúrò. Nígbà tí Màmá tún tẹ́ ìlú náà, ó bu eérú láti ààrò, ó fọ́n ọn sórí ìborùn funfun yẹn, ó wò ó, ó sì gbọ̀n ọ́n nù. Ó ní, "Ó mọ́."

Ìwà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí yí padà lójú wa. Ìyá mi ti sọ fún un pé àwọn ará Sólò kì í gbóhùn sókè, wọn kì í fi ìka tọ́ka, àtàǹpàkò ni wọ́n fi ń tọ́ka, wọ́n á sì tẹrí ba díẹ̀. Màmá, tí ohùn rẹ̀ máa ń ti ìsọ̀ rẹ̀ dé ibùdókọ̀ tẹ́lẹ̀, wá ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ó ń fi àtàǹpàkò júwe aṣọ. Náà Dẹì, ìyá kan láti ẹ̀yà Gá tó ń ta ọṣẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, rò pé ìka rẹ̀ ló ń dùn ún, ó bá a ra oògùn ìpara. Àwọn ọmọ ọjà fi í ṣe yẹ̀yẹ́, èmi náà tijú rẹ̀. Mo ní kó fi í sílẹ̀, Accra la wà. Ó ní, "Ọjọ́ tí mo bá débẹ̀, n ò fẹ́ kí wọ́n sọ pé ìyá Rùkáyà kò lẹ́kọ̀ọ́."

Ọ̀rọ̀ ìgbálẹ̀ wá kàn báyìí. Ọdún tó tẹ̀ lé ikú náà, nínú oṣù tó ṣáájú ààwẹ̀, Yáńtò pè pé oṣù tí wọ́n ń tọ́jú sàréè ti dé. Àṣà wọn ni. Kí ààwẹ̀ tó wọlé, ìdílé kọ̀ọ̀kan á gbé ìgbálẹ̀ àti òdòdó lọ sí itẹ́ òkú, wọn á tu koríko, wọn á gbá ojú sàréè àwọn èèyàn wọn, wọn á ṣàdúrà, wọn á fọ́n òdòdó sí i. Bú Hàrtí ti gbá ti ọkọ rẹ̀, ó gbá ti ìyá rẹ̀, ó sì gbá ti Rùkáyà pẹ̀lú wọn. Màmá bi í pé kí ni òun lè ṣe láti dúpẹ́. Obìnrin náà ní wọn kì í dúpẹ́ ẹ̀.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni Màmá fà mí lọ́wọ́, ó mú ìgbálẹ̀, a wọ trótrò, ọkọ̀ èrò, lọ sí itẹ́ òkú ńlá kan lọ́nà Kaneshie. Ó rìn káàkiri títí tó fi rí sàréè kan tí igbó ti bò, tí orúkọ ara sìmẹ́ńtì rẹ̀ ti pa rẹ́. Kò mọ ẹni náà. Kò mọ̀ bóyá ọkùnrin ni àbí obìnrin, kò mọ irú ẹ̀sìn tó ṣe. Ó tu koríko, ó gbá a, ó fọ́n òdòdó pupa tó já lára ọgbà ilé ẹnì kan sí i. Ọdọọdún la ń lọ láti ìgbà náà. "Àlejò" ló ń pè é. Nígbà tí mo béèrè ohun tó kàn wá níbẹ̀, kò dáwọ́ ìgbálẹ̀ dúró. Ó ní, "Ìyá kan ń gbá ọmọ mi. Ọmọ ìyá kan nìyí."

Ààfáà Búsárì, ẹni tó ń kírun fún wa ní Kotobabi, gbọ́, ó sì wá sílé. Èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni, ó fi sùúrù sọ fún Màmá pé òdòdó kò sí nínú ohun tí ẹ̀sìn kọ́ wa, àti pé ẹni tó ń tọ́jú yẹn lè má jẹ́ Mùsùlùmí. Màmá gbé omi fún un, ó jẹ́ kó mu tán. Ó ní, "Ààfáà, bó bá jẹ́ ọmọ tiyín ló wà nílẹ̀ àjèjì, ṣé ẹ máa kọ́kọ́ bi ẹni tó ń gbá a bóyá ó kírun?"

Ìjà tó le jù ni ti Mẹ́kà. Bọ̀ọ̀dá Ráfíù ń ta ẹ̀rọ amúlétutù àti fáànù ní Adabraka, Ọlọ́run sì ṣí ọ̀nà fún un. Láàárín àwa Yorùbá Accra, ọmọ tó rọ́wọ́ mú tí ìyá rẹ̀ kò tíì di Àlájà, wọn á máa wò ó bákan ní mọ́ṣáláṣí. Ó lọ san gbogbo owó ìrìn-àjò náà, ó mú aṣọ funfun wá fún Màmá. Màmá dúpẹ́, ó kúnlẹ̀ fún ọmọ tó bí, ó ní kó jọ̀ọ́, kó gba owó náà padà, kó fi gbé òun lọ sí Sólò. Bọ̀ọ̀dá Ráfíù rò pé ó ń ṣeré. Nígbà tó mọ̀ pé kì í ṣe eré, ó ránṣẹ́ pe Ààfáà. Ààfáà ní ilé Ọlọ́run ni Mẹ́kà, ta ló ń fi ilé Ọlọ́run sílẹ̀ lọ síbi òkú? Màmá fèsì, ó sì fi ohùn wẹ́lẹ́ Sólò yẹn sọ ọ́. "Ọlọ́run wà níbi gbogbo, Ààfáà. Ibì kan ṣoṣo ni Rùkáyà wà."

Bọ̀ọ̀dá Ráfíù bínú débi tó fi sọ pé tí kò bá lọ sí Mẹ́kà, kò ní fi owó òun lọ síbì kankan. Ó fún ẹlòmíràn ní àyè náà. Kò sí Mẹ́kà, kò sì sí Sólò. Ó pẹ́ gan-an kí àwọn méjèèjì tó tún jọ jẹun pọ̀. Èmi gbè sẹ́yìn Màmá, mo sì ń wò ó pé kò ní pẹ́ tí ọmọ rẹ̀ á rọ̀. Ó rọ̀ lóòótọ́, àmọ́ kò rọ̀ lásìkò.

Ṣáájú kó tó rọ̀ ni ọjà Kléwà jó. Ẹ̀gbẹ́ ààfin ni ọjà yẹn wà, òun ni ọjà aṣọ tó tóbi jù ní Sólò, ibẹ̀ sì ni Bú Hàrtí ti ń tajà. Nígbà tí Màmá gbọ́, ó fa ilẹ̀kùn ìsọ̀ rẹ̀ dé, ó jókòó sínú. Ẹni tó ti tajà ní Accra mọ ohun tí iná ọjà jẹ́, bí aṣọ tó bá jó ṣe máa ń rùn títí ọjọ́ púpọ̀. Náà Dẹì kan ilẹ̀kùn, ó ń bá a kẹ́dùn, ó ní, "Dùé, dùé, ìyá. Ọjà wo ló jó? Makola ni?"

"Kléwà ni."

"Ibo nìyẹn?"

"Ọjà wa ni," ni Màmá wí.

Bú Hàrtí ò gbádùn mọ́ lẹ́yìn iná yẹn. Ó kú, Yáńtò sì kó lọ sí olú ìlú wọn láti wá iṣẹ́. Ìpè ń jìnnà síra, nígbà tó yá kò wá mọ́. Láti ìgbà náà ni Màmá ti bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè kan tó sú gbogbo wa. Á wà nídìí oúnjẹ, á wà lórí ẹní ìkírun, á ti parí àdúrà, á yíjú sí ẹni tó bá wà nítòsí. "Ta ló ń gbá a báyìí?"

Ìtọ̀ ṣúgà mú un. Egbò kékeré kan yọ sí i lẹ́sẹ̀, ó ní bàtà ló ta òun, kò sọ fún wa títí tó fi ń rùn. Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà lábẹ́ orúnkún. Ọjọ́ tí wọ́n gbé e délé ni Bọ̀ọ̀dá Ráfíù wólẹ̀ síwájú rẹ̀, ó sunkún bí ọmọdé, ó ní, "Màmá, ẹ dárí jì mí. Ẹ jẹ́ kí ara yín yá, màá gbé yín lọ sí Sólò." Dókítà ti sọ fún wa pé kò lè wọ ọkọ̀ òfurufú mọ́. Màmá náà mọ̀. Ó fi ọwọ́ pa ọmọ rẹ̀ lórí. "Ráfíù, àtẹ̀gùn wà lẹ́nu ọ̀nà itẹ́ òkú yẹn. Ṣé mi ò sọ fún ẹ rí?"

Èmi nìkan ni mo ń lọ gbá Àlejò lẹ́yìn ìyẹn. Màmá á jókòó sẹ́nu ọ̀nà títí n ó fi dé, á bi mí bóyá koríko pọ̀, bóyá mo gbá ìdí òkúta. Lọ́dún tó kẹ́yìn, mi ò tíì sọ̀ nínú trótrò tó ti ń pè mí. Ikọ́ fèé ló mú un lẹ́yìn Iléyá. Kò pẹ́ lórí ibùsùn.

Ọjọ́ Jímọ̀ la sin ín. A fi aṣọ ìyá mi, èyí tí ìda wà lára rẹ̀, bò ó lórí nígbà tí a ń gbé e lọ, oòrùn Accra sì mú ìda náà rọ̀ lórí rẹ̀. Ààfáà Búsárì pè é ní Àlájà nínú àdúrà. Bọ̀ọ̀dá Ráfíù wolẹ̀. Itẹ́ òkú àwọn Mùsùlùmí ti kún, ìdí ògiri ni wọ́n fún wa. Àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀ gbẹ́ ẹ dé àyà, ọ̀kan nínú wọn gbé ṣọ́bìrì sílẹ̀, ó ní, "Ẹ dúró o. Ẹnì kan wà níbí."

Egungun ni. Ó ti pẹ́, kò sí àmì kankan lókè tó sọ pé ẹnikẹ́ni wà níbẹ̀. Ààfáà yọjú wo inú ihò, ó ní kò sí ibòmíràn, kí wọ́n rọra kó o sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí wọ́n fi erùpẹ̀ bò ó, kí wọ́n máa bá iṣẹ́ lọ. Mo yíjú sí Bọ̀ọ̀dá Ráfíù pé kó bá mi kọ̀. Ó ti jókòó sórí òkúta kan, ó ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń dà lójú rẹ̀.

Ó ní, "Mùsílíù, Yáńtò pè mí rí. O ò sí nílé."

Ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé ẹsẹ̀ Màmá ni. Yáńtò lọ kí ilé ní Sólò, ó dé itẹ́ òkú, kò bá sàréè ìyá mi mọ́. Ilẹ̀ ti há wọn níbẹ̀. Sàréè tí ẹnikẹ́ni kò bá wá wò mọ́, wọ́n máa ń sin ẹlòmíràn lé e. Ẹlòmíràn ló wà lórí Rùkáyà, orúkọ ẹlòmíràn ló sì wà lára òkúta. Bọ̀ọ̀dá Ráfíù gbé ọ̀rọ̀ náà mọ́ra títí tí kò fi lè gbé e mọ́. Ó lọ sọ fún Màmá.

Màmá béèrè pé, "Ọkùnrin ni àbí obìnrin?"

"Ọmọdébìnrin ni, Màmá."

"Ó ní ìyá?"

"Yáńtò ní òun bá ìyá rẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n ní kì í pa ọjọ́ Jímọ̀ jẹ."

Ó ní Màmá mí kanlẹ̀, irú èyí tó máa ń mí tó bá sọ ẹrù kalẹ̀ nínú ìsọ̀. Ó ní, "Ó dáa. Tó bá ti ń gbá ti ọmọ rẹ̀, ó ń gbá àwọn méjèèjì. Má sọ fún Mùsílíù. Inú á bí i."

Inú sì bí mi. Ó bí mi sí Bọ̀ọ̀dá Ráfíù, ó bí mi sí ìlú tí n kò rí rí, ó bí mi sí Màmá pàápàá, tó gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ń pè mí. Mo wọ inú ihò náà, mo gba Màmá lọ́wọ́ wọn, kò wúwo mọ́ rárá, mo sì tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tí mi ò mọ̀.

Nígbà tí oṣù tó ṣáájú ààwẹ̀ dé, mo mú ìgbálẹ̀ rẹ̀. Mo kọ́kọ́ lọ gbá Àlejò. Lẹ́yìn náà ni mo lọ sídìí ògiri. Mo gbá a tán, mo ń fọ́n òdòdó sí i, nígbà tí ìyá arúgbó kan ń bọ̀ láàárín àwọn sàréè, ó ń tẹ̀ lé ògiri, ó ń wo ilẹ̀, ó tún ń padà. Ó bi mí ní Hausa tó lú mọ́ Twi bóyá mo ti rí sàréè kan níhìn-ín tí igi kékeré wà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọkọ òun ni. Ó ní àìsàn ti dá òun mọ́lé fún ọdún mélòó kan, òun ò lè wá, òun ò sì rí i mọ́. Ojú rẹ̀ ti rẹ̀ ẹ́.

Mi ò mọ̀ bóyá ọkọ rẹ̀ ni ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá. Mo tẹrí ba díẹ̀, mo fi àtàǹpàkò tọ́ka ibi tí Màmá wà. Mo ní, "Ibí ni, ìyá. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá a tán ni."